Ẹrù Ọkọ̀ Òkun Kì í Ṣe Ẹrù Ìyàwó

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àwọn tí kò tíì san owó àjẹṣẹ́kù oṣù tó kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mọ ara wọn. Ọ̀rọ̀ ẹrù ni. Láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rin ló ti wá gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó lọ́wọ́ mi nítorí pé àwọn ọmọ wọn tó wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ mú wọn wọ ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́. Àwọn ọmọ ni yóò san owó ọkọ̀, àwọn náà ni yóò san owó bàálù. Mo wá béèrè pé kí ni ẹ̀yáwó wà fún nígbà náà? Ohùn kan náà ni gbogbo wọn fi dá mi lóhùn: "Akọ̀wé, a ó ra aṣọ, a ó ra báàgì."

Èyí ni mo sọ ní ìpàdé wa tó kọjá tí ìyá wa kan tó ń ta aṣọ ní Gbági fi dìde. Ìyá yìí ti rin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2023. Ó ní, "Akọ̀wé, kọ tèmi sínú ìwé wa kí wọ́n kà á, ṣùgbọ́n má dárúkọ mi o." Mo ti gbọ́, mo sì ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ kì í ṣe ọkọ̀ tí èèyàn ń wọ̀ láti ìlú kan lọ gúnlẹ̀ sí òmíràn. Ilé ìtura ńlá ni, tó ń rìn lójú omi. Èèyàn á wọ̀ ọ́ ní èbúté, á máa sùn níbẹ̀, á máa jẹun níbẹ̀, ọkọ̀ á sì máa yà ní ìlú kan lẹ́yìn òmíràn kí èrò lè sọ̀ kalẹ̀ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Tó bá dìrọ̀lẹ́ gbogbo wọn á tún wọlé. Níkẹyìn, ọkọ̀ á padà sí èbúté tó ti gbéra. Èyí tí ìyá wa wọ̀ gbéra ní Southampton, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú oṣù kẹwàá. Ó gba agbami Biscay kọjá, ó lọ sí Funchal ní erékùṣù Madeira tó jẹ́ ti àwọn Pọtogí, ó sì dé Tenerife àti Las Palmas ní àwọn erékùṣù Canary tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Sípéènì, kó tó padà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko.

Ó yá ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi kí ẹlòmíràn tó bá mi jẹ́wọ́. Nígbà tí ìyá wa wá yá owó, ó kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé òwò lòun fẹ́ fi ṣe. Owó ìfipamọ́ rẹ̀ tó o, àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì fọwọ́ sí i, èmi náà sì lu òǹtẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òwò. Mo ti gbọ́ nípa ìrìn àjò náà látẹnu àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì mí láti bi àgbàlagbà tó lè bí mi lọ́mọ pé, "Mà, ṣé òwò ni tàbí léèsì?" Léèsì ni.

Báàgì ńlá mẹ́ta ló dì. Léèsì mẹ́rin, àǹkárá mẹ́fà, aṣọ òkè kan pẹ̀lú ìborùn àti gèlè rẹ̀, bàtà gogoro méjì, sálúbàtà mẹ́ta, àpò ọwọ́ mẹ́rin kí ó lè bá aṣọ mu. Gàrí kóńgò mẹ́rin wà níbẹ̀, èlùbọ́ wà níbẹ̀. Ó tún wá fi áyọ́ọ̀nù tó fi ń lọ aṣọ sí i, nítorí kò fẹ́ kí léèsì òun rún. Èmi ò fi ṣe ẹlẹ́yà o. Ó sọ ọ́ fún wa fúnra rẹ̀ pé ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni kí wọ́n má rí òun nínú aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n má baà sọ pé ìyá nọ́ọ̀sì ò láṣọ. Báàgì méjì tó jẹ́ kílò mẹ́tàlélógún mẹ́tàlélógún ni tíkẹ́ẹ̀tì bàálù rẹ̀ gbà. Ó san owó ẹ̀kẹta ní pápákọ̀ òfurufú, owó ẹgbẹ́ ló sì fi san án.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di tòótọ́ nìyí. Ní èbúté Southampton, èrò kì í gbé báàgì ńlá rẹ̀ wọnú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n á so ìwé pélébé tí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà yàrá rẹ̀ sí mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn alábàárù èbúté á sì gbà á. Wọ́n á fi ẹ̀rọ yẹ inú rẹ̀ wò, wọ́n á wá gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ọkọ̀ tó gbé èrò tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ẹ fojú inú wo iye báàgì ibẹ̀. Tiyín lè dé láàárín wákàtí kan, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, nígbà tí ọkọ̀ ti kúrò lẹ́bàá ilẹ̀.

Báàgì kìíní ìyá wa dé. Ẹ̀kẹta dé. Èkejì ò dé. Áyọ́ọ̀nù ló wà nínú èkejì. Iná ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n jù lójú agbami, nítorí náà áyọ́ọ̀nù, àbẹ́là àti ohunkóhun tó lè gbóná kó ràn wà lára ohun tí wọn kì í jẹ́ kí èrò kó wọ yàrá. Báàgì tí wọ́n bá rí irú rẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á dá a dúró títí olówó rẹ̀ yóò fi wá. Wọ́n tilẹ̀ ti fi ìwé sílẹ̀ nínú yàrá pé kó wá, ṣùgbọ́n òun àti ọmọ rẹ̀ kà á mọ́ àwọn ìwé ìpolówó tó wà lórí tábìlì, wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wa wà nínú báàgì náà, lábẹ́ áyọ́ọ̀nù.

Kò ti lo ti àárọ̀ nítorí kánjúkánjú ìrìn. Kò rí ti alẹ́ lò. Ní òru ọjọ́ náà ọkọ̀ wọ Biscay, níbi tí ìgbì òkun ti máa ń ga nígbà òtútù, yàrá sì ń gbé wọn sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí rẹ̀ ń lù kìkì bí ìlù, ojú rẹ̀ ń ṣú. Ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọkọ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ wọn ìfúnpá rẹ̀, wọ́n sì dá a dúró síbẹ̀ títí ó fi wálẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sọ fún wa lórí fóònù pé nọ́ọ̀sì lòun fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun gbọ̀n nígbà tí òun rí nọ́ńbà tó jáde lójú ẹ̀rọ náà. Kí ẹ sì mọ̀ pé ilé ìwòsàn inú ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́ bíi ti ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó gidi ni wọ́n ń gbà, bí ọmọ náà kò bá sì ti san owó adójútòfò ìrìn àjò ṣáájú, òun nìkan ni ì bá ru gbogbo rẹ̀.

Ọlọ́run yọ ìyá wa. Ó gba báàgì rẹ̀ ní ọ̀sán, wọ́n sì di áyọ́ọ̀nù mú títí di ọjọ́ tí wọ́n gúnlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín, ẹ̀yin ọlọ́jà. Ta ni nínú yín tó máa ń bọ́ sí Gbági tàbí Bódìjà, tó máa gbé ọjà lé alábàárù lórí, tó wá máa so àpò owó rẹ̀ mọ́ ọn? Kò sí. Ẹrù lórí alábàárù, owó ní ìdí yín. Bí alábàárù bá sọnù láàárín èrò, ọjà ló lọ, ẹ ṣì lè wọ mọ́tò délé. Ẹ ti mọ ìmọ̀ yìí kí akọ̀wé kankan tó gbé kálámù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí a bá ti gbọ́ "òkè òkun," a máa ń gbàgbé ohun tí ọjà ti kọ́ wa. Ìyá wa so gbogbo báàgì rẹ̀ mọ́ra bí ẹni ń ṣọ́ wúrà, ó wá gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé alábàárù lórí.

Àwọn baba wa tó wọ ọkọ̀ òkun kí bàálù tó gbòde mọ ọ̀rọ̀ yìí, tàbí kí n sọ pé àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fi tipátipá kọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ kàwé ní ọdún 1963 nínú ọkọ̀ Aureol ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster, láti Àpápá dé Liverpool, bí ọ̀sẹ̀ méjì lójú omi. Ọkọ̀ yẹn, tí wọ́n kàn ní 1951, ló kẹ́yìn nínú àwọn ọkọ̀ tó ń gbé èrò àti lẹ́tà láàárín wa àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1974 ló ṣíwọ́. Láyé ìgbà náà, èrò ní láti pín ẹrù rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ó sì lẹ ìwé mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tó ń lọ sí yàrá, èyí tí a óò nílò lójú òkun ṣùgbọ́n tí kò ní sí nínú yàrá, àti èyí tí a kò ní nílò títí a ó fi gúnlẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn á wọ ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀ lọ, kò sẹ́ni tó tún lè fojú kàn án títí di Liverpool.

Bàbá mi àgbà (bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é) lẹ ìwé kẹta yìí mọ́ àpótí onírin rẹ̀, kóòtù òtútù rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Èrò tirẹ̀ ni pé ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni kóòtù wà fún. Kò mọ̀ pé òtútù kì í dúró de èèyàn ní èbúté. Bí wọ́n ti kúrò ní Las Palmas tí ọkọ̀ dorí kọ àríwá ni atẹ́gùn yí padà. Ó gbọ̀n láti ibẹ̀ dé Liverpool, bùláńkẹ́ẹ̀tì ibùsùn ló fi ń bora nínú yàrá. Títí ó fi kú ló máa ń sọ ọ́ pé ìyà tí òun jẹ ní Biscay ju ti gbogbo ọdún mẹ́rin tí òun lò ní ìlú òyìnbó lọ.

Ẹ wo bí àwọn méjèèjì ti jọra. Sixty-three àti twenty-three, ogóta ọdún ló wà láàárín wọn, agbami kan náà. Kì í ṣe pé ẹrù bàbá mi àgbà pọ̀ jù. Àpótí kan ló ní. Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ ni kò sí lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n pípọ̀ náà ní ìyà tirẹ̀. Yàrá inú ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ kéré. Ibùsùn, tábìlì kékeré, kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹni méjì ní láti pín, ilé ìwẹ̀ tó jẹ́ pé bí èèyàn bá na ọwọ́ méjèèjì ó ti kan ògiri. Báàgì òfìfo a máa wọ abẹ́ ibùsùn. Mẹ́ta kò wọ̀ ọ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni ìyá wa àti ọmọ rẹ̀ fi ń fò báàgì kọjá kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ rẹ̀ sì ṣubú lé e lóru ọjọ́ kan.

Mo wá ní kí ìyá wa ka iye aṣọ tó wọ̀. Nínú mọ́kànlá, márùn-ún ni. Léèsì méjì ló wọ̀, ní alẹ́ tí wọ́n ní kí oníkálùkù múra dáadáa wá jẹun, àwọn òyìnbó sì yí i ká, wọ́n ń bá a ya fọ́tò. Ó wọ ọ̀kan nínú léèsì náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Láàárín ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àlejò, ta ló ń ka aṣọ Ìyá Gbági? Ibi tí wọ́n ti ń ka aṣọ ni òde ìyàwó nílé níbí, ẹ sì mọ̀ pé irọ́ kọ́ ni mo ń pa. Bàtà gogoro kò jáde nínú báàgì rárá, nítorí ilẹ̀ ọkọ̀ ń mì. Gàrí kò jáde, oúnjẹ ti wà nínú owó ọkọ̀, láti òwúrọ̀ títí dòru. Ohun kan ṣoṣo tó kó láti ilé tó tán pátápátá ni ata gígún inú ìgò kékeré, nítorí ọbẹ̀ àwọn èèyàn yẹn, ká má purọ́, kò ní ata.

Àǹkárá kan tún wà, èyí tó ti gbó díẹ̀. Ó fi í bora, ó fi í ró nígbà tó bá fẹ́ wẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí àga nínú oòrùn Tenerife, ó sì fi í gba ẹ̀yìn nígbà tó ń rìn nínú atẹ́gùn. Àárọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn ló wá gbà wọ́n là. Ní alẹ́ tó ṣáájú ìgúnlẹ̀, wọ́n máa ń ní kí èrò gbé báàgì ńlá síta ẹnu ọ̀nà kí wọ́n lè kó o lọ sí èbúté lóru. Ọmọ ìyá wa fi gbogbo aṣọ tirẹ̀ sínú báàgì, ó gbé e síta, ilẹ̀ mọ́, aṣọ ìsùn nìkan ló kù lára rẹ̀! Àǹkárá ìyá rẹ̀ ló ró mọ́dìí tó fi sọ̀ kalẹ̀ ní Southampton.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wá sọ pé, ó dára, báàgì ọwọ́ kan ni a ó gbé. Ẹ ṣe é pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó jókòó tì wọ́n níbi oúnjẹ, ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta àti ṣòkòtò péńpé ló kó wá nítorí ó gbọ́ pé oòrùn wà ní Canary. Ó gbàgbé pé ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ̀ yóò lò nínú òtútù lọ, á sì tún lò ó bọ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù ọkọ̀ ló ti ra súwẹ́tà, iye tó rà á sì lé ní ìlọ́po méjì ti ìgboro.

Ohun tó wá yí ìyá wa lọ́kàn padà jù lọ ni ìdánrawò tí wọ́n ṣe kí ọkọ̀ tó gbéra. Wọ́n kó gbogbo èrò jọ, wọ́n ní bí fèrè ọkọ̀ bá dún kúkúrú nígbà méje, tó sì wá dún gígùn lẹ́ẹ̀kan, ewu ti dé, kí oníkálùkù lọ síbi tí wọ́n yàn fún un. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé báàgì. Aṣọ tó móoru àti oògùn, bí ó bá wà nítòsí, ìyẹn nìkan ni kí èèyàn mú. Ó ní òun gbọ́ ọ, òun tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí òun dùbúlẹ̀ sọ́dọ̀ dókítà ni òun tó rántí pé ohun méjì tí wọ́n dárúkọ yẹn, òun ò ní ìkankan níbẹ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo báàgì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

A kì í ru ẹran erin lórí ká máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Ó tún lọ ní ọdún 2025, lọ́tẹ̀ yìí sí Bergen àti Stavanger ní ilẹ̀ Nọ́wè, ibi tó tutù ju ti àkọ́kọ́ lọ. Báàgì kan ló gbé, kílò mẹ́rìnlá, àti àpò kékeré kan tí kò kúrò léjìká rẹ̀. Inú àpò yẹn ni oògùn gbogbo ọjọ́ ìrìn àjò wà, nínú páálí tí wọ́n fi tà á, pẹ̀lú ìwé dókítà, awò ojú, pásípọ́ọ̀tù, súwẹ́tà kan, àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti aṣọ ọjọ́ kan, àti àǹkárá àtijọ́ yẹn. Nínú báàgì ńlá, ìró àti bùbá mẹ́rin, léèsì kan ṣoṣo, bàtà pẹlẹbẹ méjì, kóòtù. Yàrá ìfọṣọ wà nínú ọkọ̀ náà, áyọ́ọ̀nù wọn sì wà níbẹ̀ tí èrò lè lò. Gbogbo ọkọ̀ kọ́ ló ní i, kí ọmọ yín bá yín béèrè kí ẹ tó di ẹrù. Àyè tó ṣẹ́ kù nínú báàgì, ẹrù tó rà bọ̀ fún àwọn ọmọọmọ ló kó sí i, kò sì san kọ́bọ̀ lé owó bàálù.

Nípa pásípọ́ọ̀tù, ẹ jọ̀ọ́, físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tó fún ọkọ̀ tó ń yà ní Sípéènì, Pọtogí tàbí Nọ́wè. Físà Schengen ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀. Kí ti Gẹ̀ẹ́sì náà sì jẹ́ èyí tó gbà yín láàyè láti wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí ẹ ti jáde nílùú lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá gbéra.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó. Oṣù méjìdínlógún ni ìyá wa fi san owó léèsì yẹn pẹ̀lú èlé. Ọdún 2025 kò yá kọ́bọ̀. Ìgbìmọ̀ Alákòóso ti fẹnu kò pé láti oṣù tó ń bọ̀, ẹni tó bá yá owó fún ìrìn àjò yóò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù, yóò sì kọ ohun tó fẹ́ rà, kí àwọn onídùúró lè kà á kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Èmi náà yóò béèrè, bó ti wù kí ojú tì mí tó.

Ìyá wa ti ṣèlérí pé òun yóò gbé àpò kékeré náà wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀, bó ṣe dì í gan-an. Àwọn mẹ́rin tí wọ́n gba fọ́ọ̀mù, kí wọ́n tètè dé, kí wọ́n wá gbé e wò.